Kóńgò Tí Wọ́n Lu Ìdí Rẹ̀: Ṣé Ẹlẹ́yàmẹ̀yà Inú Ètò Ṣì Wà Lónìí?

 

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí àríyànjiyàn kan ti ń lọ láàrin àwa ọmọ ìjọ. Àwọn kan tó ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Amẹ́ríkà ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọnú ètò ìlú tí àwọn wà. Wọ́n ní ó wà nínú bí ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá, bánkì àti ilé ìwé ṣe ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó ń pè é ní systemic racism. Àwọn mìíràn dá wọn lóhùn pé irọ́ ni, ìyẹn ti kọjá, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó sì gbàdúrà, Ọlọ́run á gbé e ga. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ìjà. Àwọn òbí sì ń bi wá pé kí ni kí àwọn sọ fún ọmọ àwọn. A ò lè dákẹ́ sí i. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

KÍ LÀ Ń SỌ GAN-AN?

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé ohun tí kálukú ní lọ́kàn yàtọ̀. Ẹnì kan gbọ́ "ẹlẹ́yàmẹ̀yà", ohun tó rò ni èébú, kí wọ́n tutọ́ síni lára, kí wọ́n pe èèyàn ní ọ̀bọ. Á ní, "Òyìnbó ni ọ̀gá mi, ó fẹ́ràn mi bí ọmọ. Èwo ni tiyín?" Òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kejì ń sọ kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Gbogbo wa la mọ kóńgò. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lè lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, kó lè dà bíi pé ó kún nígbà tí kò kún. Ká wá ní kóńgò méjì ló wà nísọ̀ yẹn: èyí tó pé fún àwọn tirẹ̀, èyí tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò kejì. Ìyá yìí kú. Ọmọ rẹ̀ jogún ìsọ̀, ó jogún kóńgò méjèèjì. Ọmọlúàbí lọmọ yìí o. Ó ń kí oníbàárà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ ń fi ènì sí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe bá a ló ṣe ń wọ̀n ọ́n: kóńgò yìí fún àwọn wọ̀nyí, kóńgò yẹn fún àwọn yẹn.

Ẹ sọ fún wa. Oníbàárà tó wá láti àdúgbò kejì, ṣé ẹ̀wà rẹ̀ pé? Kò pé. Ṣé ọmọ yìí kórìíra rẹ̀? Rárá.

Ohun tá à ń sọ nìyẹn. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú ètò ni kí òfin, ìlànà tàbí àṣà iṣẹ́ máa já àwọn ẹ̀yà kan kulẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ohun yòówù kó wà lọ́kàn ẹni tó ń tẹ̀ lé ìlànà náà. Ẹni tó dá a sílẹ̀ lè ti kú. Ìlànà yẹn ò kú. Ẹ sì ṣàkíyèsí ìwé Òwe orí 11: òṣùwọ̀n èké fúnra rẹ̀ ló sọ pé Olúwa kórìíra. Kò dúró béèrè bóyá ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1967, Stokely Carmichael, tó padà ń jẹ́ Kwame Ture, àti ọ̀jọ̀gbọ́n Charles V. Hamilton ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú ìwé tí wọ́n jọ kọ ní Amẹ́ríkà. Bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Birmingham, Alabama, ní 1963, èyí tó pa ọmọdébìnrin mẹ́rin, gbogbo ayé ló rí i pé ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ jòjòló dúdú bá ń kú ní ìlú kan náà lọ́dọọdún torí àìsí oúnjẹ, ilé àti ìtọ́jú tó péye, ta ni wọ́n fẹ́ mú?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹ mọ ọ̀rọ̀ Stephen Lawrence. Ọmọ ọdún 18 ni, ó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Eltham lóṣù Kẹrin 1993 nígbà táwọn ọ̀dọ́kùnrin kan gún un lọ́bẹ pa torí àwọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó fojú hàn. Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe wá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹjọ́ náà ni ìkejì. Nígbà tí adájọ́ Macpherson gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1999, ó ní àìsàn yẹn ti wọnú iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ó sì ṣàlàyé pé àìmọ̀kan, àìronú jinlẹ̀ àti fífi ojú kan wo ẹ̀yà kan lè fa irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó pète ibi. Ó di 2012 kí wọ́n tó dá méjì lẹ́bi nínú àwọn tó pa á.

BÍBÉLÌ TI MỌ̀ Ọ́N TIPẸ́

Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Ìjọ àkọ́kọ́ nìyẹn o, ìjọ tí iná Ẹ̀mí Mímọ́ ṣì ń jó lórí wọn! Síbẹ̀, nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́, wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì. Bíbélì ò sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kórìíra àwọn opó yẹn. Ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Kí làwọn àpọ́sítélì ṣe? Wọn ò ní káwọn opó lọ gbàdúrà sí i. Wọn ò ní kí wọ́n dẹ́kun ìkùnsínú. Wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó burú kiri. Ètò ni wọ́n yí padà. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje. Ẹ ka orúkọ wọn: Stefanu, Filippi, Prokoru, Nikanori, Timoni, Parmena, Nikolasi. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn! Ọ̀dọ̀ àwọn tí ètò náà ń dùn gan-an ni wọ́n ti mú àwọn tó máa tún un ṣe. Lẹ́yìn èyí, ìwé náà ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ò kan ìyìn rere.

ṢÉ Ó ṢÌ WÀ LÓNÌÍ?

Ẹ̀rí méjì péré la máa mú wá, torí ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé. Lẹ́yìn 1933, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan tó ń rí sí gbèsè ilé ya máàpù àwọn ìlú ńláńlá. Wọ́n pín àdúgbò sí ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tí wọ́n kà sí eléwu jù, àwọ̀ pupa ni wọ́n fi kùn ún, ibi táwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pupa tán. Ní 1934, ìjọba dá àjọ mìíràn sílẹ̀ tó ń ṣe onídùúró fún ẹni tó fẹ́ yá owó ra ilé. Àjọ yìí náà ò ní ṣe onídùúró ládùúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ sẹ́yìn ìlú, bíi Levittown ní New York ní 1947, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tí kì í ṣe òyìnbó ò gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀. Ní 1968, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, òfin ní kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dópin.

Ẹnì kan á ní, "Ó ti parí nìyẹn." Ẹ dúró ná. Ilé ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń kó ọrọ̀ jọ. Bàbá tó ra ilé ní 1950 fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ fi í yá owó, ó fi rán ọmọ-ọmọ ní yunifásítì. Bàbá tí wọn ò jẹ́ kó rà á, kí ló fi sílẹ̀? Yàtọ̀ síyẹn, owó orí ilé ni wọ́n fi ń gbọ́ apá tó pọ̀ nínú bùkátà ilé ìwé ìjọba ní Amẹ́ríkà. Àdúgbò tí ilé rẹ̀ ò lówó lórí, ilé ìwé rẹ̀ náà á máa jìyà. Ọmọ tí wọ́n bí ní 2015 ń jókòó ní kíláàsì tí máàpù ayé bàbá-bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ kàn. Nígbà tí bánkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka ohun ìní àwọn ìdílé ní 2022, ìdílé aláwọ̀ funfun tó wà láàrin gbùngbùn ní dọ́là 285,000. Ti aláwọ̀ dúdú jẹ́ 44,900. A ò sọ pé máàpù yẹn nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kó sọ ibi tí ilé táwọn bàbá wọ̀nyẹn ò rí rà wọlé sí.

Ẹ̀rí kejì ni ti kídìnrín, òun ló sì mú wa lọ́kàn jù. Tí dókítà bá fẹ́ mọ bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ó máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, á wá ṣe ìṣirò. Ní 1999, ìlànà ìṣirò kan jáde tó tàn kálẹ̀. Nínú rẹ̀, tí aláìsàn bá ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n á fi nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 kún èsì rẹ̀, torí èrò pé iṣan pọ̀ lára aláwọ̀ dúdú. Ìlànà tó tẹ̀ lé e ní 2009 dín in kù sí nǹkan bí 16. Kò yọ ọ́ kúrò.

Ẹ wo ohun tó ṣe. Ní Amẹ́ríkà, iye náà gbọ́dọ̀ já sí 20 tàbí kó dín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ fún ẹni tó ń dúró de kídìnrín tuntun. Èèyàn méjì wọlé, 18 ló yẹ kó jẹ́ èsì àwọn méjèèjì. Wọ́n kọ 18 fún aláwọ̀ funfun, ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi àlékún yẹn sí ti aláwọ̀ dúdú, ó di nǹkan bí 21. Wọ́n ní kó lọ sílé, kò tíì burú tó. Kídìnrín rẹ̀ ń kú lọ, ìwé ń sọ pé ó ṣì sàn.

Ṣé dókítà yẹn burú? Rárá. Ó lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú pàápàá, ó lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kọ̀ǹpútà ló ṣe ìṣirò, òun kọ ohun tó rí. Kóńgò ni wọ́n ti lu ìdí rẹ̀.

Ó di 2021 kí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ kídìnrín tó ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò nínú ìṣirò náà. Ní oṣù Kìíní 2023, àjọ tó ń bójú tó ètò náà pàṣẹ pé kí àwọn ilé ìwòsàn padà sẹ́yìn, kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n ti jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú ní gbèsè padà fún wọn. Láàrin ọdún kan ó lé díẹ̀, ó ju 14,000 èèyàn lọ tí wọ́n tún ọjọ́ wọn ṣe, tí wọ́n sì fi nǹkan bí ọdún méjì kún un fún wọn ní ìpíndọ́gba. Ẹ ronú nípa àwọn tó ti kú kí ìyẹn tó dé.

Ayé 1800 kọ́ là ń sọ o. Lójú ayé wa ni.

ÀWỌN TÓ NÍ KÒ SÍ

A ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, torí òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ.

Wọ́n ní, "Òfin ti yí padà." Bẹ́ẹ̀ ni, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ayé ti dáa ju bó ṣe wà lọ. Ṣùgbọ́n kéèyàn jáwọ́ nínú lílu ìdí kóńgò yàtọ̀ sí kó tún èyí tó ti lù ṣe.

Wọ́n ní, "Àwa ọmọ Nàìjíríà tó dé ibẹ̀ ńkọ́? Ṣebí dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà la jẹ́." Òótọ́ ni, ó sì yẹ ká yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tó ń rí físà gbà. Ó ju ìdajì àwọn àgbàlagbà ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Amẹ́ríkà lọ tó ní dìgírì. Àṣàyàn ni wá. Tí ẹ bá ṣa àwọn tó mọ eré sá jù ní ìlú kan, tí wọ́n sì fo ògiri kọjá, ìyẹn ò sọ pé ògiri ò sí. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹrú tó bá wa ṣí ilẹ̀kùn yẹn, àwọn tó rìn, tó sùn sẹ́wọ̀n ní 1963 àti 1965, kò yẹ ká dé ìdí oúnjẹ ká wá máa pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Wọ́n tún ní, "Ọmọ ìka ò dọ́gba. Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni ẹlẹ́yàmẹ̀yà." Níbí, a gbà pẹ̀lú wọn. Ní 2021, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Bìrìtìkó gbé kalẹ̀, tí Tony Sewell ṣe alága rẹ̀, sọ pé ìṣẹ́, ìdílé, ibi téèyàn ń gbé, àṣà àti ẹ̀sìn ń dá kún ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ náà, pé kì í ṣe pé wọ́n dá ètò ìlú sílẹ̀ láti fi dènà àwọn ẹ̀yà kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí i. Ní 2023, ìwádìí tí Louise Casey ṣe sọ pé àìsàn tí Macpherson rí ṣì wà lára ọlọ́pàá Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọ̀gá ọlọ́pàá gbà pé ohun tó rí jóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbà láti lo orúkọ náà. Ẹ rí i pé àwọn àgbà pàápàá ò tíì fohùn ṣọ̀kan.

Báwo la ṣe máa mọ̀, nígbà náà? Ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa bi ẹni tó bá ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà inú ètò wà níbì kan. Ìlànà wo gan-an ni, ibo ló wà? Tí a bá mú èèyàn méjì tó jọra nínú gbogbo nǹkan yòókù, ṣé ìyàtọ̀ yẹn ṣì wà? Tí wọ́n bá yí ìlànà náà padà, ṣé èsì á yí padà?

Ti kídìnrín yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ìwé ìwáṣẹ́ náà ń sọ̀rọ̀: ní 2004, àwọn olùwádìí méjì, Bertrand àti Mullainathan, tẹ ìròyìn jáde lórí ìwé ìwáṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000 tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní Boston àti Chicago. Ìrírí tó jọra, orúkọ ló yàtọ̀. Orúkọ tó jọ ti aláwọ̀ funfun ń rí ìpè kan nínú nǹkan bí 10. Ti aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 15. Ìwádìí tuntun tó ju 80,000 ìwé lọ ṣì rí i, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilé iṣẹ́ díẹ̀ ló ń ṣe apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó dáa kéèyàn wádìí? Kì í ṣe gbogbo òyìnbó, kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́.

Àwọn kan wà tá a ò tíì lè parí ọ̀rọ̀ lé lórí. Ní Bìrìtìkó, àwọn obìnrin dúdú tó ń kú nínú oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ ju ìlọ́po méjì ti òyìnbó lọ. Ìyàtọ̀ yẹn dájú. Àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ lè wà nínú ohun tó fà á, ìṣẹ́ lè wà níbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì má sì gbọ́rọ̀ sí obìnrin tó ní ara ń dun òun lẹ́nu lè wà níbẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin wa tẹ́ ẹ lóyún lọ́hùn-ún, ẹ má dúró de àríyànjiyàn. Tí ara bá ń sọ nǹkan fún yín, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ mú ẹni tó máa bá yín sọ ọ́ dání.

ILÉ TIWA NÍ PẸ́ŃTÍKỌ́SÌ

Kí ìjọ má rò pé ọ̀rọ̀ ayé lásán ni. William Seymour, tí Ọlọ́run lò ní Azusa Street ní Los Angeles ní 1906, ọmọ àwọn tó ti jẹ́ ẹrú ni. Kó tó débẹ̀, ó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lọ́dọ̀ Charles Parham ní Houston. Òfin àti àṣà Texas ò jẹ́ kó jókòó pẹ̀lú àwọn òyìnbó. Ìta kíláàsì ló ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ẹ̀mí Mímọ́!

Ní Azusa, dúdú àti funfun jọ kúnlẹ̀. Kò pẹ́ tí ètò tún fi pín wọn. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1948, kò sí ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú nínú rẹ̀. Ó di 1994, ní Memphis, kí wọ́n tó ronú pìwà dà. Pásítọ̀ aláwọ̀ funfun kan wẹ ẹsẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú kan, àwọn èèyàn sunkún. Ṣùgbọ́n wọn ò fi mọ sórí ẹkún. Wọ́n tú ẹgbẹ́ àtijọ́ ká, wọ́n dá tuntun sílẹ̀, wọ́n sì fi bíṣọ́ọ̀bù dúdú, Ithiel Clemmons, ṣe alága. Ọkàn yí padà, ètò náà yí padà. Bí ìrònúpìwàdà ṣe ń pé nìyẹn.

Ká má sì nàka sí òyìnbó nìkan. Ní Nàìjíríà wa níbí, ẹni tí wọ́n bí sí ìpínlẹ̀ kan, tó ń san owó orí níbẹ̀, wọ́n ṣì lè ní kó lọ gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá láti ìlú bàbá rẹ̀ kó tó rí àǹfààní jẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kóńgò méjì ni.

KÍ NI KÁ SỌ FÚN ÀWỌN ỌMỌ?

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé tí àwọn bá ní ó wà, ọmọ á jókòó, á ní ayé ti dí òun lọ́nà. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Jósẹ́fù lẹ́wọ̀n. Ó sọ fún agbọ́tí Fáráò gbangba pé wọ́n jí òun gbé ni, òun ò ṣe ohun tí wọ́n fi òun sẹ́wọ̀n fún. Kò fi bò. Síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lẹ́wọ̀n bí ẹni tí ọba rán níṣẹ́. Méjèèjì lẹ máa kọ́ ọmọ: kó mọ òótọ́, kó sì ṣiṣẹ́. Ọmọ tẹ́ ẹ bá purọ́ fún pé kò sí nǹkan kan, lọ́jọ́ tó bá bá a pàdé, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́, ó sì lè máà gba Ọlọ́run tẹ́ ẹ sọ fún un gbọ́ mọ́. Ọmọ tẹ́ ẹ bá sì sọ fún pé gbogbo nǹkan ni, ẹ ti dè é lẹ́sẹ̀ kí òyìnbó tó dè é.

Àdúrà ńkọ́? Ẹ gbà á dáadáa! Ṣùgbọ́n ẹ ka Númérì orí 27. Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márùn-ún rí i pé òfin ogún ò ní fún wọn ní ilẹ̀ bàbá wọn. Wọ́n dìde, wọ́n lọ bá Mósè lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn lójú gbogbo èèyàn. Ọlọ́run ní ohun tí wọ́n sọ tọ́. Òfin yí padà.

Torí náà, ẹ̀yin ọmọ ìjọ tẹ́ ẹ jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá, olùkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà: ẹ wo ìdí kóńgò tí wọ́n fún yín. Ẹ má kàn máa wọ̀n ọ́n lọ. Àdúrà wa ni pé kí Olúwa fún yín lójú láti rí i, kó sì fún yín lẹ́nu láti sọ ọ́.

Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwa, a ṣì fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ má bú ara yín o.

Olúwa á bùkún yín. Àmín.